Stándì, ọwọ́ onílò, tàbí Amẹ́ríkà: ìfiwéra owó ìwé ọkọ̀ àlòkù fún ará Èkó

Iye tí wọ́n kọ sára gíláàsì ọkọ̀ kọ́ ni iye tó máa jáde lápò yín. Ẹ ti ná an, ẹ ti bọwọ́, inú yín ti ń dùn, ìgbà náà ni ẹnì kan á fa bébà yọ: owó ìwé, owó àgírímẹ́ǹtì, owó àjẹ́ńtì, owó nọ́ńbà, owó géètì. Kí wọ́n tó ro ó tán, ọkọ̀ tí ẹ ná sí mílíọ̀nù mẹ́fà ti ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀. Ó sì ṣòro kí ẹni tó ti bá ọ̀rọ̀ débẹ̀ yẹn yí padà, torí ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà lórí Third Mainland.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń gbà ra ọkọ̀ àlòkù. Àwọn kan ń lọ sí stándì, yálà ní Berger lójú ọ̀nà Apapa sí Òṣòdì, ní Ogùdù, ní Òpèbí, tàbí lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn kan ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó níbí. Àwọn mìíràn ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà tó máa bá wọn rà á, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ wá sí èbúté Tin Can tàbí PTML. Owó ìwé wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ibi tó fara pamọ́ sí yàtọ̀ síra. Nítorí náà, ẹ má fi iye ọkọ̀ stándì wé iye ọkọ̀ onílò lásán. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi wéra ni iye tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ti jẹ yín lọ́jọ́ tí orúkọ yín bá wà lórí ìwé rẹ̀, tí ẹ lè wà á kọjá níwájú VIO láìfòyà.

Ohun tó wà nínú owó ìwé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú owó yìí palẹ̀. Apá kan jẹ́ ti ìjọba. Ọkọ̀ tó bá máa rìn l'Ékòó nílò laisẹ́nsì ọkọ̀, ìwé road worthiness, inṣọ́ránsì, proof of ownership, àti nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá ti wà lára rẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn, change of ownership ló kàn. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ti wọlé kí gbogbo ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. MVAA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ìwé ọkọ̀, ni ẹ máa bá lò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, FRSC ló sì ń darí ètò nọ́ńbà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà tí ẹ fi máa dá owó ìjọba mọ̀ rọrùn: iye rẹ̀ kì í yí padà nítorí aṣọ tí ẹ wọ̀, ó sì ní rìsíìtì.

Iye kan tàbí méjì á jẹ́ kí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Inṣọ́ránsì third party fún ọkọ̀ ara ẹni jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀. NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó inṣọ́ránsì, sọ ọ́ di ₦15,000 láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ó sì ń gbé ẹrù ohun ìní ẹlòmíràn tí ẹ bá bàjẹ́ títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Nọ́ńbà ọkọ̀ lásán kúrò ní ₦12,500 lọ sí ₦18,750 ní 2021. Owó ìjọba máa ń gòkè, torí náà ẹ yà ní ọ́fíìsì MVAA tó sún mọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rajà, kí ẹ kọ iye ti ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀. Bébà kékeré yẹn ni kí ẹ mú dání lọ sí stándì. Ẹni tó bá wá ń pe ₦60,000 fún third party lórí ọkọ̀ ara ẹni, ẹ ti mọ̀ pé ó ti fi nǹkan mìíràn kún un.

Apá kejì jẹ́ owó iṣẹ́. Ẹnì kan máa lọ tò ní MVAA, á gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, á tún padà lọ gba nọ́ńbà. Iṣẹ́ gidi ni, oòrùn ń pa á, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ yẹ kó gbowó. N kò sí lára àwọn tó ń ní kí ẹ má fún ọmọ tó bá yín sáré ní nǹkan kan. Àmọ́ owó iṣẹ́ ṣeé ná bí ata Mile 12, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹsẹ̀ ara yín lẹ fẹ́ fi rìn ín.

Apá kẹta ló ń bí mi nínú. Kò sí rìsíìtì ìjọba lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe. Owó àgírímẹ́ǹtì lórí ìwé ojú ewé méjì tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ látèṣí, tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n ń fi sí i. Owó àyẹ̀wò lórí ọkọ̀ tó jẹ́ pé mẹkáníìkì tiyín ló yẹ̀ ẹ́ wò. Owó géètì. VAT 7.5% tí wọ́n fi bírò kọ sí ìsàlẹ̀ bébà, láìsí nọ́ńbà owó-orí ilé-iṣẹ́ náà níbì kankan. Ẹni tó bá ń bá ìjọba gba VAT yẹ kó lè fún yín ní ìwé owó tí nọ́ńbà owó-orí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí kò bá ní in, àpò ara rẹ̀ ló ń gbà á sí.

Òfin wà lẹ́yìn yín lórí èyí. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní FCCPA 2018, ní abala 115, sọ pé kí oníṣòwò fi iye ọjà hàn kedere, àti pé kò gbọ́dọ̀ ní kí oníbàárà san ju iye tó fi hàn lọ. FCCPC ló ń mójú tó òfin náà, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì wà fún ará Èkó. Bí dílà bá fi àwòrán ọkọ̀ àti iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ̀rí yín nìyẹn.

Ní stándì

Stándì ní àǹfààní tí mo gbà tọkàntọkàn. Ẹ máa fojú rí ọkọ̀, ẹ máa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ẹ sì mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa padà lọ kàn bí wàhálà bá dé. Àwọn stándì ńlá ní Lẹ́kkí àti Victoria Island sábà máa ń tẹ ìwé owó, tí ìlà "documentation" á sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ìjọba ló fi í síbẹ̀. Ní Berger, ẹnu ni wọ́n sábà fi ń sọ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ná ọkọ̀ tán. Lójú tèmi, ti ẹnu sàn, torí ohun tí a fẹnu sọ, ẹnu náà la fi ń ná an. Ìlà tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà máa ń mú kí ojú ti ẹni tó fẹ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè síbẹ̀.

Mo wà nítòsí nígbà tí obìnrin oníṣòwò kan láti Ìdúmọ̀tà ń bá ọ̀gá stándì kan sọ ọ́, bó sì ṣe lọ nìyí:

"Alhaji, owó ìwé ₦250,000 yìí, kí ni àti kí ni ó wà nínú rẹ̀?"

"Hàjíà, gbogbo ìwé ni. Ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan, a máa bá yín ṣe é tán."

"Ẹ ṣé o. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà, èló? Laisẹ́nsì, èló? Inṣọ́ránsì ńkọ́, third party ni àbí comprehensive?"

"Ìyá mi, ṣé ẹ ò fọkàn tán wa ni?"

"Mo fọkàn tán yín, Alhaji. Bí èmi náà ṣe ń kọ ọjà sílẹ̀ fún oníbàárà mi nìyẹn."

Ó kọ ọ́. Èyí tó jẹ́ ti ìjọba nínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Obìnrin náà fi nǹkan lé e fún ẹni tó máa sáré ìwé, ó ní kí wọ́n yọ ìyókù. Ọ̀gá náà rojọ́ díẹ̀, ó yọ ọ́. Ta ló fẹ́ kí oníbàárà ọlọ́kọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nítorí ₦100,000?

Ohun tó mú kó rí i yọ ni pé kò tíì sanwó. Ìgbà tó sì tún dára ju tirẹ̀ lọ ni kí ẹ tó dá iye kankan rárá. Ẹ fi ìbéèrè ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀: "Èló ni, pẹ̀lú ìwé, lórúkọ mi?" Dílà tó bá dá yín lóhùn pẹ̀lú iye kan ṣoṣo, ẹ lè fi í wé dílà kejì. Èyí tó bá ní "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ti ọkọ̀ ná," ẹ mọ̀ pé bébà kan ń bọ̀.

Lórí tòkunbọ̀, ìwé tó wúwo jù ni ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní 2022, 20% ni owó ìwọlé lórí ọkọ̀ àlòkù, 15% sì tún wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NAC levy, ìyẹn owó àfikún tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tó ń wọlé. Dílà tó bá gba ọ̀nà tó tọ́ ti san ìyẹn kí ọkọ̀ tó jáde ní èbúté, ó ti wà nínú iye tó ń pè. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n tún kọ owó kọ́sítọ́ọ̀mù sí ìsàlẹ̀ bébà bí ẹrù tiyín. Bí wọ́n bá sì sọ pé iye ọkọ̀ yìí kò ní kọ́sítọ́ọ̀mù nínú, ẹ dúró, ẹ bi wọ́n bí ó ṣe jáde ní èbúté.

Torí fàyàwọ́ wà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, èbúté òkun nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó bá gba Cotonou wá, tó sì gba orí ilẹ̀ wọlé, kò lè ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tòótọ́, bó ti wù kí bébà tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ dán tó. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró lójú títì nígbà tó bá yá, ẹni tó bá wà nídìí síárìn lọ́jọ́ náà ni ìyà rẹ̀ máa jẹ. Oníbàárà máa ń yára ná irú ọkọ̀ yìí torí ó pọ́ọ́kú. Bí iye ọkọ̀ kan bá fi mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní stándì kejì, tí ọdún wọn dọ́gba, tí ara wọn sì dọ́gba, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí kí ẹ tó fura sí ẹ́ńjìnnì.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nọ́ńbà ṣásí jẹ́ ẹyọ mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Ẹ wò ó ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ kí ẹ wo èyí tó wà lára òpó níbẹ̀, kí ẹ wá fi méjèèjì wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ fi ìka tẹ̀lé e, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹnì kan máa kà á sókè kí ẹnì kejì máa wo bébà. Kò sí I, kò sí O, kò sí Q nínú nọ́ńbà ṣásí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn lórí ìwé, ẹni tó tẹ ìwé yẹn kò wo ọkọ̀ náà dáadáa, tàbí kó má wò ó rárá. Ẹyọ kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Ọkọ̀ tí wọ́n bá pè ní 2012 tí ẹyọ kẹwàá rẹ̀ jẹ́ A, ọdún méjì tí kò sí ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí dílà bá ń kánjú yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, tó ní oníbàárà mìíràn ń bọ̀ láti Fẹ́stàkì, ẹ jẹ́ kí ti Fẹ́stàkì rà á.

Lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó

Níbí, kò sí ìlà documentation, kò sí géètì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ọ̀nà yìí ló rọjú jù, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ owó ìwé wà lábẹ́ rẹ̀, inú àwọn ìwé tó ti kú àti inú orúkọ ló sá pamọ́ sí.

Ẹ ní kí onílò tẹ́ gbogbo pátíkúlá sílẹ̀ kí ẹ tó wo ọkọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa kú. Bí laisẹ́nsì bá ti kú, tí road worthiness ti kú, tí inṣọ́ránsì máa kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ gbogbo rẹ̀ dọ̀tun, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò lára iye ọkọ̀. Onílò tó bá jẹ́ olóòótọ́ kì í bá yín jiyàn lórí èyí, torí òun náà mọ ìgbà tó san án gbẹ̀yìn. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó lójú ìwé NVIS ti FRSC lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ọkọ̀ tó wà níwájú yín ni wọ́n fún ní nọ́ńbà yẹn. Ẹ wo inṣọ́ránsì náà lórí askNIID, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń yẹ inṣọ́ránsì ọkọ̀ wò. Ayédèrú inṣọ́ránsì pọ̀ l'Ékòó, ẹ kúkú gba gidi.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó dúró níwájú yín, tó sì lè fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn yín, iṣẹ́ yín kù díẹ̀: àgírímẹ́ǹtì tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí, àwọn ìwé àtilẹ̀wá tó pé, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, àti ìrìn lọ sí MVAA. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, tí onílò ní òun rà á lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ṣùgbọ́n òun kò ráyè yí i padà, ẹ ní kó wá ìwé títà tó so ẹni àkọ́kọ́ mọ́ òun. Bí kò bá rí i, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni tó ti kó lọ sí Kánádà kiri. Owó iṣẹ́ tí ẹ máa san fún ẹni tó ní òun máa "yanjú" ìyẹn ní MVAA lè ju gbogbo ohun tí stándì máa bi yín lọ.

Ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu onílò pé, "Ẹ máa lo ìwé mi lọ, kò sí wàhálà." Inú rere ni ó fi ń sọ ọ́, àmọ́ kò dára fún òun, kò sì dára fún yín. Kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ti wà lójú títì Èkó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìwé ni owó ìtanràn ń lọ bá. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ náà gbá ẹnì kan, ilé rẹ̀ ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ lọ. Ní tiyín, orúkọ rẹ̀ ni inṣọ́ránsì mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ̀yin lẹ máa di ẹni tí kò ráyè yí orúkọ padà.

Àjẹ́ńtì wà lọ́nà yìí pẹ̀lú. Ẹni tó fi ọkọ̀ náà sórí Jiji tàbí sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀ lè má jẹ́ onílò rárá. Ó lè gba owó lọ́wọ́ onílò, kó tún gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ bi í lójú onílò: "Bọ̀dá, ta ló ń san tiyín?" Bí onílò bá ti ń san án, ẹ ò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá yín rà ní Amẹ́ríkà

Àwọn kan rò pé nítorí òyìnbó ní ètò, kò sí owó ìwé tí kò nídìí níbẹ̀. Ó wà. Doc fee ni wọ́n ń pè é, dílà ló ń gbà á fún bébà tó kọ, iye rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ní California, òfin kò gbà kó ju $85 lọ. Ní New York, $175 ni òpin rẹ̀. Ní Florida, kò sí òpin kankan, ọ̀pọ̀ dílà níbẹ̀ sì ń gba tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là. Òfin Florida fúnra rẹ̀ ní kí dílà kọ ọ́ sórí ìwé pé èrè dílà wà nínú owó náà. Òfin New York tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: dílà gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé owó yìí kì í ṣe ti ìjọba, pé kì í ṣe dandan, àti pé oníbàárà lè fúnra rẹ̀ gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Berger nìyẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin níbẹ̀.

Nítorí náà, bí àbúrò yín bá ń gbé ní Miami, tó rí ọkọ̀ tó fi $400 dín sí ti New York, ẹ ní kó béèrè doc fee kí ẹ tó yọ̀. Bó bá jẹ́ orí Copart tàbí IAAI, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní gbàǹjo, ló ti fẹ́ rà á, owó olùrà àti owó géètì wà lórí iye tí ẹ fi borí àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ti ní ìjàǹbá, tí wọ́n kọ "salvage" sórí title rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn níbẹ̀. Kí ó ya àwòrán title náà, iwájú àti ẹ̀yìn, ránṣẹ́ sí yín kí owó tó kúrò níbí. Láìsí title àtilẹ̀wá, ọkọ̀ kò ní kúrò ní Amẹ́ríkà: kọ́sítọ́ọ̀mù wọn fẹ́ rí ọkọ̀ àti ìwé ní ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra. Bí dílà bá ṣe ń pẹ́ tó pẹ̀lú title, bẹ́ẹ̀ ni owó ààyè tí ọkọ̀ ń dúró sí ń gòkè.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó ti Èkó kù: owó ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, owó tẹ́mínà, kọ́sítọ́ọ̀mù tí ẹ̀yin fúnra yín máa san báyìí, àti àjẹ́ńtì kílíríǹsì. Dọ́là lè gòkè kí ọkọ̀ tó dé. Bí ìwé bá pẹ́ ní èbúté, owó ìdúró á máa ka ọjọ́ sí yín lọ́rùn. Ẹ ní kí àjẹ́ńtì fún yín ní rìsíìtì kọ́sítọ́ọ̀mù gan-an, kì í ṣe iye àkópọ̀ kan lórí WhatsApp. Àjẹ́ńtì tó dáa á ya owó ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè.

Èrè tó wà nínú gbogbo làálàá yìí ni pé orúkọ yín ló máa kọ́kọ́ wà lórí ìwé ọkọ̀ náà ní Nàìjíríà. Ẹ ò ní wá onílò kiri, ẹ sì mọ bó ṣe wọlé.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Stándì | Ọwọ́ onílò | Amẹ́ríkà |
|---|---|---|---|
| Ẹni tó ń bù ú lé yín | Ọ̀gá stándì àti àjẹ́ńtì rẹ̀ | Àjẹ́ńtì, bó bá wà | Dílà níbẹ̀, àjẹ́ńtì kílíríǹsì níbí |
| Ibi tó sá pamọ́ sí | Ìlà "documentation", àgírímẹ́ǹtì, géètì | Ìwé tó ti kú, orúkọ tí wọn kò yí padà | Doc fee, owó ìdúró ní èbúté |
| Ṣé ó ṣeé ná? | Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ tó sanwó | Ẹ yọ ọ́ lára iye ọkọ̀ | Doc fee ṣòro. Owó iṣẹ́ àjẹ́ńtì ṣeé ná |
| Ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ rí | Kọ́sítọ́ọ̀mù tó bá ṣásí mu | Pátíkúlá lórúkọ ẹni tó ń tà á | Title, bill of lading (ìwé ẹrù tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún yín), rìsíìtì kọ́sítọ́ọ̀mù |
| Ewu tó pọ̀ jù | Fàyàwọ́ | Onílò àkọ́kọ́ tí a kò rí mọ́ | Owó tó ń gòkè lójú ọ̀nà |

Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ wò ó. Corolla méjì: ti stándì ₦6,000,000, ti onílò ₦5,600,000. Stándì ń bi ₦300,000 fún ìwé, ẹ ná an dé ₦160,000 pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, ó di ₦6,160,000. Ti onílò, ẹ ro change of ownership, laisẹ́nsì, road worthiness àti inṣọ́ránsì tuntun, ẹ fi owó táyà méjì kún un torí ó ti ń rìn lójú ọ̀nà Èkó, ó lè di ₦5,850,000. Ìyàtọ̀ tó dà bí ₦400,000 lẹ́nu àkọ́kọ́ ti di ₦310,000. Ìyàtọ̀ yẹn ṣì wà, àmọ́ ó ti di ohun tí ẹ lè fi wé ipò ẹ́ńjìnnì àti ọjọ́ orí ọkọ̀ láìtan ara yín.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ó bá jẹ́ pé owó ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, tí ẹ ń ti Ìyànà-Ìpájà tàbí Ìkòròdú wá síbi iṣẹ́ ní Island lójoojúmọ́, tí kò sí owó mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ onílò ni kí ẹ lọ. Àmọ́ onílò tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé nìkan. Ẹ gbàgbé gbogbo yòókù, bó ti wù kí ọkọ̀ wọn dára tó. Owó ìwé ọ̀nà yìí ló kéré jù, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ ara yín ṣe gbogbo rẹ̀ ní MVAA láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ọkàn yín fẹ́, stándì ni, ẹ sì gbìyànjú láti ra ọkọ̀ nìkan lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fúnra yín lọ ṣe nọ́ńbà. Àwọn stándì kan á kọ̀, wọ́n á ní àwọn ló ń ṣe é fún gbogbo oníbàárà. Ẹ ní kí wọ́n yọ owó iṣẹ́ náà, ẹ̀yin ló máa ṣe é. Bí wọ́n bá fárí gá, stándì kejì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà, n kò gba ẹni tó ń ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ níyànjú sí i. Ó dára fún ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ máa fara balẹ̀ ka title, tó mọ àjẹ́ńtì kílíríǹsì tó ti ṣe é fún ẹlòmíràn, tí owó rẹ̀ sì ju iye tó rò lọ dáadáa. Ẹni tó bá ń fi owó èsúsú ra ọkọ̀ kò yẹ kó fi í sínú ohun tí dọ́là lè yí padà kó tó sùn kó tó jí.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san èyí tó pọ̀ jù nígbà tí ẹ bá gba ọkọ̀ àti ìwé àtilẹ̀wá, kí ẹ mú ìyókù dání títí nọ́ńbà á fi jáde lójú ìwé NVIS, kí ẹ sì kọ ètò yẹn sínú àgírímẹ́ǹtì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ lẹ ń bá rà, àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí owó wọ̀, kí orúkọ àkáǹtì bá orúkọ tí ẹ rí nígbà tí ẹ wá a lójú ìwé CAC mu. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san án sí àkáǹtì ọmọ ọ̀gá nítorí "nẹ́tíwọ́ọ̀kì bánkì ilé-iṣẹ́ kò dáa lónìí," ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa padà wá lọ́la.